Ọkọ̀ Ìgbòkun Tí A Ṣe fún Ìyé Àgbà

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì tí a sin Tólúhì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo yàrá rẹ̀ kí àwọn tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Fúnkẹ́, àkọ́bí rẹ̀, gun àga, ó na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fa ohun kan tí eruku ti bò bọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Màmá, ẹ wá wo odó tó wọ aṣọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo jókòó sórí ibùsùn olóògbé, mo sunkún títí tí ọmọ náà fi ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Kì í ṣe odó. Ọkọ̀ ojú omi ni, irú èyí tí aṣọ ń gbé lọ lórí òkun. Mi ò sì lè bá Fúnkẹ́ wí, torí pé ẹni tó gbẹ́ ẹ, odó ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbẹ́. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ kọ ọ́, torí tí mo bá ń fi ẹnu sọ ọ́, ẹkún kò ní jẹ́ kí n dé ìdí rẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó ṣe é bí ẹni tí kò rí i.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí ni ọdún tí Baba wa ká koríko kúrò lórí ilé, tó fi páànù bò ó. Ní Kàbbà wa, Ìyé ni a ń pe ìyá ẹni, ìyá Baba sì ni Ìyé Àgbà. Tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni ọmọ odó ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà òfì Ìyé tó dúró ti ògiri, tí ó ń dún gbì, gbì, gbì. Ọmọ Ayewa ni Ìyé, ní Bùnù, ó sì gbà pé ẹni tí kò bá mọ aṣọ hun, ó kàn wá wo ayé ni. Ní ọdún yẹn, páànù dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Tí oòrùn bá mú, á máa dún tá, tá, bí ẹni ń pa èkùrọ́. Àwọn adìyẹ wa, tí wọ́n ti mọ orí koríko sí ibùsùn, fò gun páànù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n sì ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìyẹ́, wọ́n á tún fò gun ún. Tólúhì ní kí n máa ka àwọn ti apá ọ̀tún, òun á máa ka ti apá òsì. Ọmọ ọdún méjìlá ni, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Iyán tutù mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, Ìyé sì ní òun kò ní gún òmíràn nítorí adìyẹ.

Yàrá kan ṣoṣo ni páànù kò dé. Yàrá Owóníyì ni, àbúrò Baba, tó wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun Bọ́má, kí wọ́n tó bí mi. Lọ́rì ló kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, láti ibẹ̀ wọ́n lọ, wọ́n lọ, wọ́n wọ ọkọ̀ òkun. Ìwé kan ló padà wá dípò rẹ̀, tí katikíìsì kà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá nígbà tí mò ń sọ yìí, síbẹ̀ inú yàrá yẹn ni Ìyé Àgbà ń sùn, lórí ẹní Owóníyì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan koríko orí rẹ̀. Tí wọ́n bá ní, Ìyé, ọmọ yẹn kò ní dé mọ́, á ní, "Ta ló rí i? Lọ́rì ni mo rí tó gbé e. Lọ́rì máa ń padà. Ohun tó gbé e níbi tí lọ́rì parí sí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi hàn mí, kí n rí bó ṣe ń gbé ọmọ ènìyàn lọ." Tí inú bá wá bí i díẹ̀ sí i, á kọjú sí Baba. "Ìwọ lo sìn ín dé ìdí lọ́rì, Jìbọ́lá. O ní ọwọ́ méjì. O ò fà á." Baba á mú ọkọ́, á gba oko lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé.

Koríko orí yàrá náà ti jẹrà. Òjò ọdún tó ṣáájú jò lé Ìyé Àgbà lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi húkọ́ wọ ẹ̀ẹ̀rùn, Baba sì mọ̀ pé tí òjò mìíràn bá bá a níbẹ̀, ó lè má rí iṣu tuntun jẹ. Ó bẹ̀ ẹ́, katikíìsì bẹ̀ ẹ́, àwọn ìbátan wa tó ń kírun náà wá bẹ̀ ẹ́, ó fún gbogbo wọn ní obì, ó sì padà sí yàrá rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, bí a ṣe ń jẹ iṣu sísun àti epo, Baba ní, "Ìyé, tí mo bá ṣe irú ọkọ̀ náà, kékeré, tí ẹ rí i tó ń lọ lórí omi, ṣé ẹ ó jáde?" Ìyé Àgbà jẹ iṣu tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Eyín mẹ́fà ló kù sí i lẹ́nu, nítorí náà gbogbo wa dúró díẹ̀. Ó ní, "Tó bá lọ lójú mi, màá jáde. Tó bá rì, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú òjò mi." Bẹ́ẹ̀ ni Baba ṣe di ẹni tí yóò kan ọkọ̀ òkun. Kò tíì rí òkun rí. Kò sí ẹni tó ti rí i rí nínú àgbàlá wa. Omi tó tóbi jù tí Baba mọ̀ ni odò Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kọjá níbẹ̀, ojú ló sì dì nígbà méjèèjì.

Àwòrán ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò wa wà lára ìdérí agolo bisikíìtì kan tí Màmá Dèbórà, ìyàwó katikíìsì, ń fi ṣúgà rẹ̀ sí. Òpó mẹ́ta ló dúró lórí ọkọ̀ náà, aṣọ mọ́kànlá wà lára àwọn òpó, okùn sì lọ sókè sódò bí ilé aláǹtakùn. Katikíìsì sọ fún wa pé ìgbòkun ni wọ́n ń pe àwọn aṣọ náà, pé atẹ́gùn ló ń fẹ́ wọn tí ọkọ̀ fi ń rìn. Baba tẹ́tí bí ẹni gbọ́ ìwàásù. Màmá Dèbórà yọ ìdérí fún wa, ó di agolo mú. "Ìdérí ni mo yá yín o, Baba Tólúhì. Ẹ má pẹ́, èèrà mọ ọ̀nà ilé mi." Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo òwúrọ̀ kí agogo ilé ìwé tó lù, ohùn rẹ̀ á gba orí ọgbà wá. "Baba Tólúhì, wọ́n ti dé o." Baba á ní, "Ẹ bá wa kí wọn, Màmá."

Baba Ọlọ́runtóba ló ń gbẹ́ odó fún gbogbo wa. Abẹ́ igi mọ́ńgòrò ló máa ń jókòó sí, igi tó gbẹ́ tó dà sílẹ̀ á yí i ká títí dé orúnkún. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ Baba, ó nà án jìnnà sójú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Baba ní, "Kò ní ẹsẹ̀. Inú omi ló ń gbé."

"Tó bá kúrò nínú omi ńkọ́?"

Baba gba ìdérí padà, ó tún wò ó. Baba Ọlọ́runtóba ní kò burú, òun ti mọ ohun tí yóò ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò tíì ṣubú lulẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, ó ń dán. Igi apá ló fi gbẹ́ ẹ, igi odó gan-an, ó fá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbẹ́ ẹsẹ̀ róbótó sí abẹ́ rẹ̀. Èmi àti Tólúhì ló para pọ̀ gbé e. Omi tó tóbi jù ní àgbàlá ni ìkòkò aró tí Ìyé rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbẹ̀ ni a sì ti dán an wò nígbà tí Ìyé lọ sọ́jà. Mo ti rí ohun púpọ̀ tó rì láyé mi, àmọ́ àwọn yòókù máa ń gbìyànjú díẹ̀. Èyí kàn wọlé bí àlejò tí wọ́n ti ń retí. Tólúhì ti apá bọ aró dé èjìká kó tó fà á jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni apá rẹ̀ fi dúdú bí ẹ̀wù ìsìnkú, tíṣà sì ń rán an lọ wẹ̀ ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Ìyé kò jà. Ó kàn yan Baba lódì. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á kọjú sí mi: "Mojí, sọ fún baba rẹ pé iyán nìyí." Baba tó jókòó níbẹ̀ á ní, "Mojí, sọ fún ìyá rẹ pé ó ṣeun." Èmi á sọ ọ́, mo rò pé iṣẹ́ pàtàkì ni wọ́n rán mi. Ọkọ̀ apá yẹn di ohun tí adìyẹ fi ń mu omi, kò sì yẹ̀ títí tí mo fi relé ọkọ.

Igi araba ni èkejì. Baba Ọlọ́runtóba bínú. Ó ní, "Araba. Ṣé igi nìyẹn? Òwú tó le ni." Akèrègbè ẹmu kan ló tù ú nínú. Ó gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó fúyẹ́, ó gùn, imú rẹ̀ ṣóńṣó bíi ti àwòrán gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i padà, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, róbótó. Baba wo ẹsẹ̀, ó wo Baba Ọlọ́runtóba, ó dúpẹ́, a gbé e lọ sílé. Òparun ni Baba fi ṣe òpó mẹ́ta. Nígbà tó kan okùn, ìyọnu dé, torí pé ọwọ́ oko ni ọwọ́ Baba. Bó ṣe máa ń so ìtàkùn iṣu mọ́ igi ló so gbogbo rẹ̀. Ìyé wò ó láti ìdí òfì fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dìde. "Ẹ gbé e wá síbí, Baba Tólúhì. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ta ewé." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ ní tààrà nìyẹn látìgbà ọ̀rọ̀ aró.

Ìyé gba ìdérí, ó wo àwòrán bí ìgbà tí èèyàn bá rí ojú ẹni tó ti mọ̀. Ó ní, "Òfì nìyí. Ẹ wò ó, ọ̀pá òkè, ọ̀pá ìsàlẹ̀, òwú láàárín wọn. Àwọn tó ṣe é, ahunṣọ ni wọ́n." Láti ìgbà náà, iṣẹ́ di iṣẹ́. Ó ran òwú tín-ín-rín, ó fi ìda oyin pa á lára. Ìka tèmi ló kéré jù, nítorí náà èmi ni mò ń ki òwú bọ àwọn ihò tí Baba fi ìṣó gbígbóná lu, Tólúhì ń so ó, Ìyé sì ń fa gbogbo rẹ̀ le títí tí èèyàn fi lè ta á kó dún. Tólúhì ní ká ya ìwé ilé ìwé òun ká fi ṣe ìgbòkun. Ìyé wò ó títí ó fi bojú wolẹ̀. "Ọkọ mi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ṣé bébà ni màá dà bò ó?" Àbúrò ọkọ ẹni, ọkọ ẹni náà ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ Ìyé. Ó ta òwú sórí òfì, ó hun ìgbòkun mọ́kànlá, ìkọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì fi òwú pupa rán etí wọn. Aṣọ Bùnù gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń bí ọmọ méje lé lórí tí kò ya. Ó so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìkọ̀ọ̀kan mọ́ òpó, ó fà á le bí awọ. Lónìí tí mo ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo mọ̀ pé aṣọ rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè rí ibi wọ̀. Nígbà náà, ta ni ìbá sọ fún wa? Gbogbo ẹni tó kọjá ló ń yìn ín. Wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n á ní, aṣọ nìyí.

Màmá Dèbórà wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kan láti wá wo ìdérí rẹ̀. Èèrà ti lé e dé ibi tí ó fi ń gbé ṣúgà kọ́ sára àjà. Ó yìn wá, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó dúró ní apá kejì. Ó ní, "Apá ibí ńkọ́?" Gbogbo wa lọ síbẹ̀. Kò sí okùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Apá kan ni ó hàn nínú àwòrán, ohun tí a rí ni a ṣe. Baba họ orí. "Bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Màmá Dèbórà ní, "Nígbà tí wọ́n ya èmi ní fọ́tò, Baba Tólúhì, ṣé n ò ní ẹ̀yìn ni?" Ó mú ìdérí rẹ̀ lórí àga. Ó ní ohun tó kù láti ṣe kò sí lójú àwòrán náà mọ́, kí òun lọ dé ṣúgà òun. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi so apá kejì, láìrí ohun tí a ń wò.

Bí a ṣe parí rẹ̀ ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ Ìyé Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ògiri wá bá wa nídìí oúnjẹ. Baba ní Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ sódò. Ní ọjọ́ ọjà tó ṣáájú rẹ̀, Sójà Dáìró yà wá kí wa láti Iyah-Gbede. Òun àti Owóníyì ni wọ́n jọ lọ sí Bọ́má, òun ló padà, tí oòrùn bá sì mú bí iná, kóòtù ológun rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Okun o, ará ilé," ó kí wa, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. "Jìbọ́lá, ta ni aṣọ gbé dé Bọ́má? Irin ni ọkọ̀ wa. Ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ. Aṣọ kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ ni èyí tí a fọ̀ tí a sá. Ihò gbọọrọ kan ló wà láàárín rẹ̀, èéfín ń jáde níbẹ̀ bí ilé ìdáná ọjọ́ ìyàwó."

Iṣẹ́ oṣù méjì ni mo rí lójú Baba. Ikọ́ dún nínú ògiri. Baba ní, "Dáìró, jọ̀ọ́, má sọ fún un." Sójà Dáìró fọwọ́ lu àyà rẹ̀. "Èmi? Àpótí ni ẹnu mi. Tí mo bá ti tì í, ó tì." Tólúhì ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Baba, ká kúkú fi ihò èéfín sí i." Kí ilẹ̀ tó ṣú, agolo pẹlẹbẹ kan ti dúró láàárín òpó kejì àti ìkẹta, Tólúhì ti lu ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Tólúhì pé níbo ló ti rí agolo.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ilé ló tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí odò ti fẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Baba Ọlọ́runtóba wá nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Màmá Dèbórà wá nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn fún òun, Sójà Dáìró wá nítorí òun nìkan ló mọ òkun. Ìyé Àgbà fi ọ̀pá rìn, ó fi ọwọ́ kejì di apá Baba mú. Baba so òwú gígùn kan mọ́ ìdí ọkọ̀, ó fi orí òwú náà lé mi lọ́wọ́. "Mojí, ìwọ ni wàá dì í mú. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má jù ú sílẹ̀." Ìyé Àgbà jókòó lórí òkúta ìfọṣọ, ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó fi ìka tọ òpó, ó tọ okùn, ó mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi agolo. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Agolo aṣáà mi nìyí."

Gbogbo wa wo Tólúhì. Tólúhì ń wo omi.

"Láti ọjọ́rú ni mo ti ń wá a. Kí ló ń ṣe níbí?"

Àpótí Sójà Dáìró ṣí. "Ibi tí èéfín ń gbà jáde ni, Ìyé. Irin ni ọkọ̀ tó gbé wa, kò ní aṣọ rárá." Baba di ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń dì í ní Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n Ìyé Àgbà kò bínú. Ó ní, "Irin ni o, igi ni o, ìyẹn kò kàn mí. Bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ èèyàn ni mo fẹ́ rí. Ẹ gbé e sómi."

Ó léfòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó léfòó dáadáa, ẹsẹ̀ tí Baba Ọlọ́runtóba gbẹ́ ló sì mú un dúró. Àmọ́ kò lọ síbì kankan. Atẹ́gùn fẹ́ lu aṣọ Ìyé bó ṣe ń fẹ́ lu ògiri. Omi ta sí àwọn aṣọ náà, wọ́n mu ún, wọ́n wúwo, ọkọ̀ sì rọra dùbúlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹun yó. Baba gbé e dìde. Ó tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyé Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ó tó. Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí òjò tó dé." Baba dúró nínú omi, kò gbé ojú sókè. Ìyé ló wọ odò bá a, pẹ̀lú ìró lára. Ó fi eyín gé òwú tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ so, ó yọ ìgbòkun mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lé èjìká bí ẹni kó aṣọ ọmọ. Ó ní, "Ẹ bá mi wá aṣọ tó fẹ́lẹ́." Kò sí. Gbogbo ẹni tó wà ní etídò yẹn, aṣọ Ìyé ló wà lára wọn tàbí irú rẹ̀, àfi kóòtù Sójà Dáìró, kóòtù ni.

Ìyé Àgbà dúró. Ó fi ọ̀pá ti òkúta, ó tú kókó etí ìró rẹ̀. Áńkáṣífù kan ló yọ níbẹ̀, ó ti funfun ju funfun lọ, ìfọ̀ ọdún mẹ́wàá ti jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè rí ìka láti inú rẹ̀. Owóníyì ló jù ú sílẹ̀ fún un láti orí lọ́rì, kó fi nu ojú. Ìyé Àgbà nà án sí Ìyé, ó ní, "Fi èyí ṣe é." Ìyé kò ráyè so ó bíi ti òfì. Ó so ó lókè, ó so ó nísàlẹ̀, ó dẹ̀.

Atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, ó yọ ikùn. Ọkọ̀ náà gbéra bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo ohun tó ń fò lójú ọ̀run láti kékeré, ẹ lè má mọ bó ṣe rí lára wa láti rí igi araba tó ń dá lọ. Baba Ọlọ́runtóba ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ yẹn ni, ẹsẹ̀ yẹn ni." Èmi pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni èèyàn fi ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo rántí òwú, ìdí rẹ̀ ti ń sá lọ lórí omi bí ejò kékeré, Tólúhì nìkan ló sì rí mi. Ọkọ̀ dé ibi tí odò ti yí. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó gba inú omi, ó ṣubú, ó dìde, ó gba etídò. Sójà Dáìró sáré tẹ̀ lé e, ó yọ̀ bọ́ sínú odò, ó ń pè pé kí wọ́n wá gba òun, omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Baba sáré dé ibi tí igbó ti pa ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ náà gba abẹ́ ẹ̀ka kan kọjá, a kò sì rí i mọ́. Baba dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní nínà síwájú.

"Jìbọ́lá," Ìyé Àgbà pè é. "Ó tó. Padà wá."

Ó padà wá, omi ń kán lára rẹ̀. Ìyé Àgbà wò ó. Ó ní, "O sáré."

Baba ní, "Mo sáré, Ìyé."

"Ṣé bó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́rì ti gbéra kí n tó na ọwọ́ sí i, mo sáré tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi kò tó o."

Ìyé Àgbà fa ọwọ́ Baba kan, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó fa èkejì, ó nù ún. Ó ní, "Ẹ lọ ká koríko yẹn." Lójú ọ̀nà, Baba bèèrè pé ta ló ju òwú sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Tólúhì ní, "Èmi ni. Mo ní kí Mojí fún mi dì mú." Wọ́n kó o ní ìkó méjì lórí, ti Baba fún òwú, ti Ìyé Àgbà fún agolo. Tólúhì kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ìyé Àgbà jẹ iṣu tuntun ọdún yẹn àti ti ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ráhùn títí dé òpin pé ariwo páànù kò jẹ́ kí òun sùn. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé Sátidé náà, obìnrin kan láti abúlé ìsàlẹ̀ odò ru ẹrù kan dé, ó ń bèèrè láàárín ọjà pé, "Ta ló ni odó tó wọ áńkáṣífù?" Ìyé Àgbà gba áńkáṣífù rẹ̀, ó so ó padà sí etí ìró. Agolo, ó ní òun kò lè bu aṣáà sínú ohun tó ti mu omi odò. Ìyé rán ìgbòkun méjì tó hun padà sára òpó, kí ọkọ̀ má baà wà ní ìhòòhò, ó sì fún Tólúhì.

Láti ìgbà náà, "Mojí, di òwú mú" ni Tólúhì fi ń kí mi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ ní Odò-Ẹrẹ̀, tí gbogbo wọn ń sunkún ní ìdí lọ́rì, ó ti orí bọ fèrèsé, ó sọ ọ́ sí mi létí, mo sì rẹ́rìn-ín wọ Odò-Ẹrẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi rò pé wọ́n ti gbé ẹni tí orí rẹ̀ kò pé wá fún wọn. Mo rò ó nígbà púpọ̀ pé kí n sọ fún Baba pé èmi ni. Baba kú, mi ò sọ ọ́. Ní ọsibítù, nígbà tí ohùn Tólúhì ti lọ, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka méjì pọ̀ bí ẹni di nǹkan tín-ín-rín mú. Nọ́ọ̀sì rò pé omi ló ń bèèrè. Mo ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Fúnkẹ́ ní kí n gbé ọkọ̀ náà lọ. Délé, ọmọ-ọmọ mi, ló wa mọ́tò. Mo gbé e lé itan, ẹsẹ̀ róbótó rẹ̀ jókòó dáadáa. Òwú Ìyé ṣì wà nídìí rẹ̀, ó ti pọ́n, ìda ti gbẹ lára rẹ̀. Bí a ṣe kúrò ní Kàbbà, Délé wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ohun yẹn sílẹ̀, ẹ sinmi. Kò lè lọ síbì kankan." Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀. Mo we òwú náà mọ́ ìka lẹ́ẹ̀mejì, mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Odò-Ẹrẹ̀.